Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Jẹrà Kọ́, Gírámà Tí A Kò Kà Ni: Àyẹ̀wò Èdè Inú Ìwé Sozaboy

Ní ọdún 1985 ni Ken Saro-Wiwa tẹ ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó pè ní Sozaboy jáde láti ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀, Saros International, ní ìlú Port Harcourt. Lábẹ́ àkọlé ìwé náà ni ó ti kọ ọ́ sí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jẹrà ni òun fi kọ ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó ṣàlàyé pé àdàlù ni èdè ọ̀hún: Píjìn ilẹ̀ Nàìjíríà wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tí kò kàwé púpọ̀ wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì gidi náà sì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi kún un pé èdè náà kò mọ òfin. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó mú mi gbé kálàmù. Mo gbà pé ìwé náà dára. Mo tilẹ̀ gbà pé ó wà lára àwọn ìwé tí ó dára jù lọ tí a kọ nípa ogun abẹ́lé wa ti 1967 sí 1970. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá sọ pé èdè òun kò ní òfin, tí òfin sì ń fara hàn láti ojú ewé dé ojú ewé nínú ohun tí ó kọ, ta ni kí a gbà gbọ́, òǹkọ̀wé ni tàbí ìwé rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè máa bèèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ìwé tí ọmọ Ogoni kọ. Ó kàn wá púpọ̀. Orúkọ tí Saro-Wiwa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa èdè tirẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn ti fi bú ọmọ tiwa rí. Nígbà tí ìwé Amos Tutuola, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London ní ọdún 1952, ojú ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ yìí. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pé yóò sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́ lójú òyìnbó. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ bí Adébísí Afọláyan tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì fi hàn pé ìhun gbólóhùn Yorùbá ni ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Tutuola. Ohun tí a pè ní àìmọ̀kan, ìmọ̀ èdè kan ni tí ó wọ ẹ̀wù èdè mìíràn. Bí a bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn lára Tutuola, kò yẹ kí a tún gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ Saro-Wiwa.

Kì í ṣe inú yàrá ìkàwé ni ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi dáadáa. Trans-Amadi ni, ní Port Harcourt, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bá àwọn tí ń wa epo rọ̀bì da òwò pọ̀. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ‘wọ́n’ tí mo lò yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi. A óò padà sórí rẹ̀.) Àdúgbò ilé-iṣẹ́ ni Trans-Amadi: ọgbà irin, ọgbà páìpù, ilé-ìpọntí ní Oginigba, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè kọjá. Ibẹ̀ náà ni ọjà tí gbogbo ìlú ń pè ní Slaughter wà, níbi tí a ti ń pa màlúù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí gírámà ń ṣe láàárín ọmọ aráyé, kí ó lọ dúró níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Àwọn Ikwerre tí wọ́n ni ilẹ̀ wà níbẹ̀. Igbo wà níbẹ̀, Kalabari, Okrika, Ogoni, Ibibio, Hausa tí ń pa ẹran, àti Yorùbá tí ń yọ owó ṣàkì ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ èdè gbogbo wọn. Píjìn ni wọ́n fi ń ná ọjà.

Mo gbọ́ obìnrin kan tí ó ń sọ fún alápatà pé, ‘Na dat big knife make you take cut am give me.’ Bí a bá gbé gbólóhùn yìí fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi báírò pupa fa á ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá sọ ọ́: ‘Ọ̀bẹ ńlá yẹn ni kí o fi gé e fún mi.’ Ẹ wá kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Na ni ‘ni’, make ni ‘kí’, you ni ‘o’, take ni ‘fi’, cut ni ‘gé’, am ni ‘e’, give ni ‘fún’, me ni ‘mi’. Ọ̀rọ̀ kan kò ṣẹ́ kù sílẹ̀, ọ̀kan kò sì lé. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ohun kan náà, yóò ní láti gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: yóò ní ‘Cut it for me with that big knife.’ Ọ̀rọ̀-ìṣe kan péré ni Gẹ̀ẹ́sì ní nínú gbólóhùn yẹn, ó sì wá fi ọ̀rọ̀ atọ́kùn méjì gbé ìyókù. Píjìn àti Yorùbá ṣín ọ̀rọ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀: mú, gé, fún. Àwọn onímọ̀ gírámà wa kò tíì fẹnu kò lórí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni ‘fún’ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tàbí atọ́kùn. Obìnrin Slaughter yìí ti dá ẹjọ́ tirẹ̀, ó ní give ni.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yára sọ pé ọmọ Yorùbá ni Píjìn. Mo ti gbọ́ irú ìfọ́nnu bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn kan nínú ẹ̀ka wa, kò sì bá òtítọ́ mu. Ẹ wo ibi tí na dúró sí. Yorùbá a máa fi ‘ni’ tẹ̀ lé ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́. Píjìn a máa fi na ṣáájú rẹ̀. Níbi tí na dúró sí yìí gan-an ni Igbo ń fi ‘ọ bụ’ sí. Igbo náà a sì máa ní ‘O ji mma bee anụ’, ó fi ọ̀bẹ gé ẹran, bí àwa ti ń ṣín ọ̀rọ̀-ìṣe pọ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ‘una’ tí Píjìn ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ‘unu’ àwọn Igbo ni ó jọ, kò jọ ‘ẹ̀yin’. Àpapọ̀ òfin àwọn ará etí òkun àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà nínú Píjìn, kì í ṣe ti ìlú kan.

Ohun tí ó tún ya mí lẹ́nu jù ni ohun tí àwọn ènìyàn ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọ inú Píjìn. Nínú èdè Hausa, ‘ya tafi’ ni a ń wí bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni ó lọ, ‘ta tafi’ bí ó bá jẹ́ obìnrin. Kalabari náà a máa ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin nínú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Kò tán síbẹ̀: ìparí gbólóhùn ni Kalabari àti Ijo yòókù ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti ń dún létí wọn, a lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tò ó ní ìlànà tiwọn, kí a wí pé, ‘Òjó ẹran rà.’ Ṣùgbọ́n bí Kalabari bá dé iwájú àtẹ alápatà, yóò ní ‘Ojo buy meat’; alápatà Hausa náà yóò sì pe ọkùnrin àti obìnrin ní ‘e’ kan náà, bí àwa ti ń pe gbogbo wọn ní ‘ó’. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi tí kò sí òfin, kí ni ó mú olúkúlùkù pa òfin ilé rẹ̀ tì? Kí ló dé tí Kalabari kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ sí ìparí, tí Hausa kò wá ọ̀nà ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo? Wọ́n kọ́ òfin tuntun ni. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹ̀ sí i ni ọjà yóò fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rí kan sí i, nítorí pé òun ni ó bá Sozaboy jà jù lọ. Àwọn tí ó bá ka ìwé náà pẹ̀lú ojú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa rojọ́ pé Mene, ọmọkùnrin tí ń sọ ìtàn náà, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ti kọjá àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo Yorùbá. Bí mo bá ní ‘Mo jẹ iṣu’, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé iṣu ti wọ ikùn. Bí mo bá ní ‘Mo fẹ́ iṣu’, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé nísinsìnyí ni mo ń fẹ́ ẹ. Ìhun kan náà ni gbólóhùn méjèèjì. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni ó sọ àsìkò fún wa. Píjìn kò yàtọ̀: ‘I chop yam’ ti kọjá, ‘I want yam’ kò tíì kọjá. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a fi don sí ibi tí àwa ń fi ‘ti’ sí, wọn a fi dey sí ibi tí àwa ń fi ‘ń’ sí. Òfin tí ó ṣe é gbé sí pátákó nìyẹn. Nicholas Faraclas, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Port Harcourt, fi irú òfin báwọ̀nyí kún odidi ìwé gírámà Píjìn kan tí ó jáde ní 1996. Ben Elugbe àti Augusta Omamor náà ti kọ tiwọn ní 1991. Saro-Wiwa kò rí àwọn ìwé wọ̀nyí nígbà tí ó ń kọ Sozaboy, a kò sì lè dá a lẹ́bi fún ìyẹn. Àwa tí a ń ka ìwé rẹ̀ lónìí ni kò ní àwáwí.

Bákan náà ni ti ara àti ọkàn. Òyìnbó a máa sọ ara rẹ̀ di olùwà gbólóhùn bí ebi bá ń pa á, bí ẹni pé òun ni ó ń ṣe ebi náà. Yorùbá ní ebi ni ó ń pa òun, òtútù ni ó ń mú òun, ojú ni ó ń ti òun. Àbọ̀ ni ènìyàn, ìyà ni olùwà. Igbo ní ‘agụụ na-agụ m’, Píjìn ní ‘hungry dey catch me’. Mo sì gbọ́ ní Slaughter tí ẹnì kan ní òun ń ‘hear’ òórùn, bí àwa ti ń gbọ́ òórùn, bí Igbo ti ń gbọ́ ọ; ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé òórùn náà kò ṣòro láti gbọ́. Mo rò pé ìdí kan nìyí tí ìjìyà inú Sozaboy fi ń wọ òǹkàwé ilẹ̀ wa lára kíákíá. Nínú irú èdè yìí, ohun tí ń ṣe ènìyàn ni ó máa ń ṣáájú, ènìyàn a sì wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi tí ọwọ́ ìyà ti ń bà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Mene fúnra rẹ̀, nítorí pé òun mọ ohun tí bàbá tí ó kọ ìwé rẹ̀ kò fẹ́ sọ. Ọmọkùnrin abúlé Dukana ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ awakọ̀. Owó ni kò jẹ́ kí ó kọjá ìwé mẹ́fà. Nínú ìtàn rẹ̀, ‘gírámà’ ni ó ń pe Gẹ̀ẹ́sì ńlá ńlá tí àwọn aṣáájú àti àwọn ọ̀gá sójà ń sọ. Àwa náà ń lò ó bẹ́ẹ̀. A máa ń wí pé lágbájá ń da gírámà bolẹ̀, ohun tí a sì ní lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé. Gírámà yìí kan náà ni ó gbé Mene lọ sí ogun. Kò mọ ìdí ogun, kò sì sí ẹni tí ó fi èdè tí ó yé e sọ ọ́ fún un. Ó jà lọ́tùn-ún, wọ́n mú un, ó tún bá ara rẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí ó padà sílé, ìyá rẹ̀ àti Agnes aya rẹ̀ ti kú, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì ń sá fún un bí ẹni pé òkú ni ó jí dìde. Bí a bá wò ó dáadáa, èdè tí ó ní òfin jù lọ lójú ìjọba ni ó ṣe Mene ní ibi, èyí tí wọ́n ní ó jẹrà ni ó sì fi sọ òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí èyí ni Saro-Wiwa ṣe fi orúkọ yẹn pe èdè ìwé náà, pé ayé tí ó jẹrà ni ó ní irú èdè bẹ́ẹ̀, a óò fi orí jì í. Ẹ̀fẹ̀ tí ó korò ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kọ́ ni ó fi ọ̀rọ̀ nípa òfin yẹn ṣe.

Mo ní ẹ̀sùn méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni ti àlàyé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni ó ṣòro. Ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ṣòro fún àlejò. Púpọ̀ nínú wọn wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ìtò wọn ni ó ṣòro, ìtò yìí ni kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Dukana, èdè abínibí wọn ni ó yẹ kí Mene àti ìyá rẹ̀ máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láàárín àwọn sójà, Píjìn ni. Nínú ìwé náà, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń lò. A kò lè mọ ìgbà tí ọmọ ń bá ìyá sọ̀rọ̀ nínú èdè tí ó fi mu ọmú, a kò sì lè mọ ìgbà tí ó ti bọ́ sí èdè ọjà. Bí Saro-Wiwa ti jẹ́ ẹni tí ó jà fún Ogoni títí wọ́n fi pa á ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó dùn mí pé èdè Ogoni kò ní àyè tí a lè fi ìka tọ́ka sí nínú ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ. Ní ìpínlẹ̀ kan náà, láti ọdún 1970 ni ètò Rivers Readers, tí Kay Williamson kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, ti ń ṣe ìwé kíkà fún àwọn ọmọdé ní èdè kékeré kékeré agbègbè náà. Ẹni tí ó bá tí ì rí ọmọ tí ó ń ka èdè ìyá rẹ̀ nínú ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò mọ ohun tí mò ń wí.

Mo ṣèlérí pé a óò padà sórí ‘wọ́n’. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò náà. Wọ́n ní kí ó kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà. Ó kọ ọ́ pé, ‘My grandmother they are coming from Ilesa. They will sleep in my room because they like me.’ Olùkọ́ fa ìlà pupa yí gbogbo ‘they’ ká, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé èdè ilé ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà jẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Yorùbá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ náà ti dákẹ́ lójijì nínú ilé. Bí mo bá kí i, yóò wo ojú bàbá rẹ̀ kí ó tó dáhùn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. “They” mẹ́ta ni ó lò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bá ara wọn mu. Ó tilẹ̀ fi “are” tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ bí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti wí. Ẹni tí kò mọ gírámà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.’ Wọ́n ní, ‘Màkì ni mo ń bá wọn wá, ìwọ ń bá mi sọ gírámà.’ N kò lè dá wọn lẹ́bi. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò kì í gbọ́ àlàyé.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Mo fa ìlà sí àárín ìwé, mo kọ Yorùbá sí apá òsì, Gẹ̀ẹ́sì sí apá ọ̀tún. A kọ ‘ó’ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ‘ó’ fún ajá, ‘wọ́n’ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ‘wọ́n’ fún bàbá rẹ̀. Ní ọ̀tún, ọ̀rẹ́ di ‘she’, ajá di ‘it’, àwọn ọ̀rẹ́ di ‘they’, bàbá di ‘he’. Mo ní kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, ‘Bọ̀ọ̀dá, ṣé ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ṣoṣo ni màmá àgbà?’ Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ‘she’ sí ọ̀tún, ó kọ ‘wọ́n’ sí òsì, ó sì bi mí bóyá olùkọ́ òun mọ̀ nípa apá òsì yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Wọn kò sọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ délẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, Yorùbá ni wọ́n fi pe ọmọ náà wá jẹun.